Ẹ ka ihò láti ẹ̀yìn wá: bí a ṣe ń fọgbọ́n gbá gọ́ọ̀fù lórí pápá oníhò mẹ́sàn-án

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ènìyàn wa.

Pápá tí mo fẹ́ mú yín rìn lórí rẹ̀ yìí kò ní ilé ìgbafẹ́, kò sì ní ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń gbé àwọn ọ̀gá kiri. Ilẹ̀ tí ẹbí kan fi sílẹ̀ kó sinmi ni, ní ìta Kàbà, níbi tí àpáta àti igi kajú ti ń bá ara wọn du àyè. Àwa mélòó kan tí a ti ṣe kádì rí ní Abùjá, tí a ń ru àpò ọ̀pá tẹ̀lé àwọn olówó, la tọrọ rẹ̀. A gé koríko, a gbẹ́ ihò mẹ́sàn-án, a ri àsíá mọ́ wọn. Ọjọ́ Sátidé la máa ń gbá a. Ẹni tó bá borí lọ́dún ló ń fa òbúkọ lọ sílé.

Bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń fa òbúkọ yẹn lọ léraléra. Bọ́ọ̀lù bàbá kì í kọjá yáàdì 170, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá tiwọn dé 250 ló ń dúró wo ẹ̀yìn òbúkọ. Mo ṣọ́ bàbá fún odindi ọdún kan kí n tó rí àṣírí rẹ̀: kì í gbá bọ́ọ̀lù kankan àyàfi tó bá ti mọ ibi tí yóò ti gbá èyí tó tẹ̀lé e. Ohun tí mo rí kọ́ lára rẹ̀ ni mo fẹ́ tò síbí, ihò kan tẹ̀lé òmíràn. Pápá tiyín lè má rí bíi tiwa, àmọ́ irú àwọn ihò wọ̀nyí kò ní ṣàì sí níbẹ̀.

Kí ẹ tó dé ihò kìn-ín-ní

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù yín jìnnà tó. Bí ẹ ṣe rò pé ó ń lọ kọ́ ni mo wí o. Ẹ mú áyọ́ọ̀nù 7, ọ̀kan lára àwọn ọ̀pá olórí irin, lọ sí pápá ilé-ìwé lọ́jọ́ tí kò sí ọmọdé níbẹ̀, kí ẹ gbá bọ́ọ̀lù 20. Ẹ yọ márùn-ún tó lọ jìnnà jù kúrò, kí ẹ yọ márùn-ún tó burú jù náà. Ẹ fẹsẹ̀ wọn mẹ́wàá tó ṣẹ́kù, ìṣísẹ̀ ńlá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yáàdì kan. Ibi tí púpọ̀ nínú wọn bá kó ara jọ sí ni òdiwọ̀n yín. Ìwọ̀n méjì ni kí ẹ kọ sílẹ̀: ibi tí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ fẹnu kan ilẹ̀, àti ibi tó yí dé. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ nígbà tí a bá dé etí odò. Jack Nicklaus, ará Amẹ́ríkà tó gba ife ńlá 18, bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ wọn pápá ìdíje ní ọdún 1961, kò sì ti ojú tì í. Òfin gba ọ̀pá 14 nínú àpò. Méje péré ló wà nínú tèmi, méjèèje ni mo sì mọ ìwà wọn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ páà. Páà ni iye ìgbá tó yẹ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá dunjú fi parí ihò kan. Tiwa jẹ́ 36 fún ihò mẹ́sàn-án, 72 tí a bá yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dunjú ni wọ́n kọ ìyẹn fún o. Tàwa yòókù ni hándíkáàpù, ìyẹn iye ìgbá tí wọ́n fi jìn wá. Lábẹ́ ètò tí gbogbo ayé jọ ń lò láti ọdún 2020, ó lè ga dé 54. Bí tiyín bá jẹ́ 18, ìgbá kan ló kan ihò kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ 28, ẹ ó pín 18 yẹn tán, mẹ́wàá tó kù á lọ sórí ihò mẹ́wàá tó le jù, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn lórí káàdì tí a ń kọ iye ìgbá sí ló ń fi bí wọ́n ṣe le sí hàn. Ẹ mú bírò, ẹ fa ìlà sórí páà tí wọ́n tẹ̀, kí ẹ kọ tiyín sí i. Níbi tí wọ́n kọ 4 sí, 5 ni tiyín. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Gbogbo ìṣirò tó wà nísàlẹ̀ yìí, orí páà ẹni tí hándíkáàpù rẹ̀ jẹ́ 18 ni mo gbé e lé.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi ihò mẹ́sàn-án yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ sọ fún un pé ní St Andrews ní Scotland pàápàá, ọdún 1764 ni wọ́n tó sọ ihò 22 di 18, àti pé títí dòní, méje nínú ojú ihò wọn, ìyẹn koríko múlọ́múlọ́ tó yí ihò ká, ló ń gba àsíá méjì pọ̀, ti àlọ àti ti àbọ̀.

Ó wá ku kíkà. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ dúró níbi ìgbá àkọ́kọ́ tí à ń pè ní tíì, kí ẹ fi ojú lọ bá àsíá, kí ẹ wá máa bọ̀ sẹ́yìn. Ibo ló rọrùn jù láti ti gbá bọ́ọ̀lù wọ ẹ̀bá ihò? Ọ̀pá wo tí mo fẹ́ràn ló ń gbé mi láti ibẹ̀ débẹ̀? Ibo wá ni ìgbá àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dúró sí? Ìbéèrè kẹrin ló ń gba ènìyàn là: bí bọ́ọ̀lù yìí bá ṣìnà, ẹ̀gbẹ́ wo ni kò gbọ́dọ̀ forí lé?

Ọ̀rọ̀ kan lórí bíráwùn kí a tó gbéra. A kò ní omi tí a lè fi tọ́ koríko múlọ́múlọ́ yípo ihò, nítorí náà yanrìn tí a fi òróró ẹ́ńjìnnì àlòkù pò la tẹ́ síbẹ̀, òun là ń pè ní bíráwùn, bí ọ̀pọ̀ pápá ṣe ń ṣe ní apá òkè Nàìjíríà. Bíráwùn wa kò fẹ̀ ju ìṣísẹ̀ 15 lọ, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ sì jẹ́ yangí líle. Bọ́ọ̀lù tó bá bà sórí yangí á ta gìjà kọjá lọ. Èyí tó bá bà síwájú, tó sì yí wọlé jẹ́jẹ́, á dúró. Nítorí náà, a kì í ta bọ́ọ̀lù lu àsíá. Iwájú bíráwùn la máa ń fojú sùn.

Ihò kìn-ín-ní: páà 4, yáàdì 340

Àpáta wà ní òsì, igi kajú wà ní ọ̀tún, gbogbo ẹgbẹ́ sì dúró sẹ́yìn yín tí wọ́n ń wò yín. Dráífà, ọ̀pá tó ń gbé bọ́ọ̀lù jìnnà jù, ni ọwọ́ gbogbo ènìyàn ń nà sí níbí, ojú ayé ló sì ń nà án. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: áyọ́ọ̀nù 5 lẹ́ẹ̀mejì, 160 àti 160, ẹ ti rìn 320. Ogún yáàdì ló kù. Ẹ rọra tì í wọlé, kí ẹ fi pọ́tà, ọ̀pá tí a fi ń yí bọ́ọ̀lù wọ ihò, gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Márùn-ún nìyẹn, páà tiyín gan-an, ẹ kò sì fọwọ́ kan dráífà.

Ẹ̀gbẹ́ tí ewu bá wà ni kí ẹ dúró sí lórí tíì, kí ẹ wá gbá a kúrò níbẹ̀. Bí kajú bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ gbé bọ́ọ̀lù sí ìkángun ọ̀tún, kí ẹ kọjú sí àárín òsì. Òfin fàyè gbà yín láàárín àmì méjèèjì, kí ẹ sì fà sẹ́yìn dé ìwọ̀n ọ̀pá méjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lo àyè yìí rárá, wọ́n á kàn ki bọ́ọ̀lù bọ àárín bí ẹni pé wọ́n so wọ́n mọ́ ibẹ̀. Nígbà ìkórè kajú, àwọn ìyá wa máa ń wà lábẹ́ igi yẹn. Ẹ pariwo “Bọ́ọ̀lù o!” kí ẹ tó gbá a. Bí wọn kò bá tíì kúrò, ẹ dúró.

Ihò kejì: páà 3, yáàdì 150

Ọ̀gbàrá ti jẹ ilẹ̀ ẹ̀yìn bíráwùn yìí lọ, kòtò tó ju ọmọ ènìyàn lọ ló wà níbẹ̀. Iwájú rẹ̀ mọ́, ó tẹ́. Ìdáhùn ìbéèrè kẹrin ti yọ nìyẹn: ẹ má kọjá. Ẹ mú ọ̀pá tó jẹ́ pé bí ẹ tilẹ̀ gbá a bí ẹ kò ṣe gbá a rí, kò ní dé kòtò. Ní àsìkò òjò, ẹ jẹ́ kó bà sí 140. Ní àsìkò ọyẹ́, nígbà tí ilẹ̀ bá ti dà bí àwo, 120 ti tó, yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ìyókù.

Ihò kẹta: páà 5, yáàdì 510

Ibí ni mo ti dá ìwà bàbá tíṣà mọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á fi dráífà gbá 240, wọ́n á tún fi ọ̀pá tí à ń pè ní igi gbá 220, yáàdì 50 á kù. Ẹ gbọ́ ná, yáàdì 50 lórí ilẹ̀ tí kò ní koríko! Wẹ́ẹ̀jì, ọ̀pá ìgbá kúkúrú, kò ṣeé jù tán, kò ṣeé jù dàbọ̀. Ọ̀kan á ha ilẹ̀, ọ̀kan á kan orí bọ́ọ̀lù, ó di inú igbó lẹ́yìn bíráwùn. Mo ti rí ẹni tó fi ìgbá méjì rin yáàdì 460, tó wá fi mẹ́fà rin 50.

Ohun tí bàbá ń ṣe nìyí. Ó mọ̀ pé yáàdì 80 ni wẹ́ẹ̀jì òun ń lọ bí òun bá jù ú tán láìṣe agídí. Ó yọ 80 kúrò nínú 510, ó ku 430. Ó pín 430 sí ọ̀nà mẹ́ta: 170, 140, 120. Kò sí èyí tó le nínú wọn. Ìgbá kẹrin gbé e wọ bíráwùn láti ibi tó fẹ́ràn, ó fi pọ́tà gbá a lẹ́ẹ̀mejì, mẹ́fà, páà tirẹ̀. Bí ìgbá àkọ́kọ́ bá burú, ó kàn máa ń tún pínpín náà ṣe ni. N kò rí i rí kó sáré lọ gba ohun tó sọnù padà. Ẹni tó bá ń gbá 220 lè pín tiẹ̀ báyìí: 220, 190, 100.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òdì kejì ọ̀rọ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi mí bú. Mark Broadie, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Columbia, kó ìgbá àwọn ògbóǹtarìgì Amẹ́ríkà jọ, ó sì ṣírò wọn. Ó rí i pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó ń fi ọ̀gá hàn lára wọn ń wá láti inú ìgbá tó jìnnà ju yáàdì 100 lọ, àti pé níbi tí ewu kò bá sí, bí bọ́ọ̀lù bá ṣe súnmọ́ ihò tó ló dára tó. N kò bá a jiyàn. Àmọ́ orí koríko tútù ni àwọn yẹn ń gbá tiwọn. Bí ilẹ̀ tiyín bá ní koríko tó gbé bọ́ọ̀lù sókè díẹ̀, ẹ súnmọ́ ọn. Bó bá jẹ́ yangí bíi tiwa, ẹ bá bàbá lọ.

Ihò kẹrin: páà 4, yáàdì 265

Ihò ẹ̀tàn nìyí. Ẹni tó bá lágbára ń wo àsíá láti orí tíì, ọkàn rẹ̀ á sọ fún un pé òun lè dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Igi irú méjì dúró bí ẹnu ọ̀nà ní yáàdì 220, òkìtì ọ̀gán mẹ́ta sì wà láàárín wọn sí bíráwùn. Lọ́jọ́ kan tí mo ti ń borí bàbá tíṣà pẹ̀lú ìgbá méjì, mo fa dráífà yọ níbí. Bọ́ọ̀lù kan igi irú, ó padà sẹ́yìn, ó wọ inú bèrè. Mo fi agídí fà á jáde, ó lọ dúró sí ìdí ọ̀gán. Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, mẹ́sàn-án ni mo kọ sí káàdì. Bàbá gbá áyọ́ọ̀nù 5, ó gbá áyọ́ọ̀nù 8, ó fi pọ́tà ṣe ìyókù. Kò sọ nǹkan kan. Ó ṣáà ń fi etí aṣọ nu bọ́ọ̀lù rẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ yọ ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ràn kúrò nínú 265. Bó bá jẹ́ 100, ó ku 165, ọ̀pá tó ń lọ 165 ni kí ẹ mú lórí tíì. Ó tán.

Tí ẹ bá sì ti wọ bèrè bíi tèmi, ìgbá kan ṣoṣo ni kí ẹ fi san gbèsè náà. Ẹ wá ihò àlàfo tó fẹ̀ jù, ì báà jẹ́ ẹ̀yìn ló kọjú sí, kí ẹ gbá a padà sórí koríko tí a gé. Ẹ fi ọ̀pá gbo koríko kí ẹ tó tẹ ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ má sì fi ọwọ́ lásán wá bọ́ọ̀lù nínú ihò ilẹ̀. Oká kì í gbá gọ́ọ̀fù.

Ihò karùn-ún: páà 4, yáàdì 385

Ọ̀nà yìí ya sí òsì lẹ́yìn àpáta ńlá kan. Ní yáàdì 200 ni igun rẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ń fẹ́ gbá a kọjá lórí àpáta kí wọ́n lè dín ọ̀nà kù, èrè tó sì wà níbẹ̀ kò ju yáàdì 30 lọ. Bọ́ọ̀lù tó bá bà lórí àpáta kò ní ilé: ó lè ta wá síwájú, ó lè ta padà lọ bá ẹni tó gbá a, ó sì lè há sínú pàlàpálá. Bó bá há, ẹ̀yin nìkan ni òfin fún láṣẹ láti sọ pé kò ṣeé gbá. Ìgbá ìjìyà kan ni, ọ̀nà mẹ́ta sì wà: ẹ padà síbi tí ẹ ti gbá a wá; tàbí kí ẹ fà sẹ́yìn lórí ìlà tó ti àsíá gba ibi tó há sí kọjá; tàbí kí ẹ jù ú sílẹ̀ láàárín ìwọ̀n ọ̀pá méjì, láì súnmọ́ ihò ju tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2019, gígùn orúnkún ni wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Èjìká ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́.

Ẹni tí kò lè gbá 200 kó má ṣe bínú. Ẹ fojú sun ìta igun, apá ọ̀tún, níbi tó gbòòrò. Láti ibẹ̀ ẹ ó rí àsíá, bó tilẹ̀ jìnnà. Ẹni tó súnmọ́ inú igun jù ni kì í rí nǹkan kan àfi òkúta. Ìgbá mẹ́ta dé bíráwùn, pọ́tà lẹ́ẹ̀mejì, márùn-ún.

Àwọn màlúù tó ń kọjá máa ń fi pátákò gbẹ́ bíráwùn yìí. Ìdí nìyẹn tí a fi so pákó ìfàlẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú òfin àdúgbò wa, ẹ lè fi àmì sí ìdí bọ́ọ̀lù, kí ẹ gbé e, kí ẹ fa pákó láti ibẹ̀ lọ dé ihò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dá bọ́ọ̀lù padà. Ọ̀nà tó tẹ́ ló kù níwájú yín, nítorí náà ẹ má da ara yín láàmú pé yóò ya sí òsì tàbí ọ̀tún. Bí yóò ṣe jìnnà tó ni kí ẹ rò. Ihò kò fẹ̀ ju mìlímítà 108 lọ. Láti ẹsẹ̀ bàtà 8, àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Amẹ́ríkà pàápàá ń pàdánù nǹkan bí ìdajì. Bí tiyín bá yẹ̀ láti ibẹ̀, kò sí ẹni tó ṣe yín.

Bí ewúrẹ́ bá sì ta bọ́ọ̀lù yín nù, ẹ dá a padà síbi tó wà. Kò sí ìjìyà.

Ihò kẹfà: páà 3, yáàdì 205

Kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ pè é ní páà 4 kúkúrú. 150, lẹ́yìn náà 55 tí a fi áyọ́ọ̀nù 8 tì kó máa yí lórí ilẹ̀, pọ́tà méjì. Ẹ má wo ẹni tó fẹ́ dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ihò keje: páà 4, yáàdì 350

Odò kékeré kan là á kọjá láti yáàdì 190 sí 205. Lẹ́yìn òjò, ó ń hó. Tí ọyẹ́ bá ti mú dáadáa, iyanrìn lásán ni, àwọn ọmọdé á máa gba bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nínú rẹ̀. Èèkàn pupa la rì sí etí rẹ̀, ohun tó sì ń da àwọn àlejò láàmú ni pé èèkàn pupa kò mọ̀ bóyá omi wà níbẹ̀. Gbígbẹ ni o, kíkún ni o, agbègbè ìjìyà ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìṣirò wà níbí. Lákọ̀ọ́kọ́, ṣé mo lè fò ó? Ìwọ̀n tí mo ní kí ẹ kọ sílẹ̀ níjelòó, ti ibi tí bọ́ọ̀lù ti kọ́kọ́ fẹnu kan ilẹ̀, ni kí ẹ lò. Ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń dúró ní 215 nítorí pé ó yí 25, inú odò ló máa bà sí. Ẹ fi 15 kún 205 fún ọjọ́ tí ọwọ́ kò bá dùn: bí tiyín kò bá balẹ̀ ní 220, ẹ má fò ó. Ní orí mi, mo mọ ènìyàn méjì nínú ẹgbẹ́ wa tó ń fò ó láìṣe àdúrà.

Lẹ́ẹ̀kejì, ibo ni kí n dúró sí? Ẹ má lọ jókòó sí bèbè odò. 150 ti tó lójú òjò, 130 lójú ọyẹ́ nítorí yíyí. Láti 150, ó ku 200. Ẹ gbá 140 kọjá odò pẹ̀lú ọ̀pá tó ń gbé bọ́ọ̀lù ga, 60 ló ṣẹ́kù, ẹ tì í wọlé. Bí ọwọ́ bá dùn, márùn-ún ni.

Bó bá kó sínú rẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá wà lórí iyanrìn gbígbẹ, ẹ lè gbá a níbẹ̀ láìsí ìjìyà, òfin sì ti gbà kí ọ̀pá yín kan ilẹ̀ láti ọdún 2019. Bí kò bá ṣeé gbá, ẹ fi ìgbá kan jìyà. Ẹ lè padà síbi tí ẹ ti gbá a. Ẹ lè fà sẹ́yìn lórí ìlà àsíá àti ibi tó ti gba etí odò kọjá. Ẹ sì tún lè jù ú sílẹ̀ láàárín ìwọ̀n ọ̀pá méjì sí ibi tó ti kọjá yẹn, nítorí pé èèkàn pupa ni. Lórí pápá tí èèkàn bá jẹ́ yẹ́lò, méjì àkọ́kọ́ nìkan lẹ ní.

Ibí náà ni òjò sábà máa ń ká wa mọ́. Bí mànàmáná bá kọ, òfin gbà kí ẹ dáwọ́ dúró láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé àpò irin yẹn sílẹ̀, ẹ má sá sábẹ́ igi irú, ẹ wọ inú ilé tàbí inú mọ́tò.

Ihò kẹjọ: páà 4, yáàdì 390

Òun ló le jù. Ó gun òkè, oko iṣu sì ba tì í ní ọ̀tún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, èèkàn funfun ló pààlà. Ọ̀tún ni bọ́ọ̀lù ọ̀pọ̀ àwa tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a sì ń yà sí nígbà tí a bá fi agbára gbá a. Ìta èèkàn funfun kò ní jíjù sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́: ẹ ó padà síbi tí ẹ ti gbá a, ẹ ó sì ka ìjìyà kan. Ìgbá kẹta lẹ ń gbá lórí tíì yẹn.

Nítorí náà, ìkángun ọ̀tún tíì ni kí ẹ dúró sí, kí ẹ kọjú sí igi èmi, igi tí a ti ń rí òrí, tó wà ní òsì pátápátá. Ẹ mú ọ̀pá tí kì í yà. Bí ẹ bá rí i pé bọ́ọ̀lù kọrí sí oko, ẹ má rìn síwájú. Ẹ sọ ọ́ sókè fún àwọn tí ẹ jọ ń gbá a pé “Èyí jẹ́ ti ìdúródè”, kí ẹ gbá òmíràn, kí ẹ tó lọ wá ti àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá sọ ọ́, èkejì di tòótọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni wọ́n fún yín láti fi wá a. Bó bá kọjá ìyẹn, ó ti sọnù.

Bàbá tó ni oko gbà kí a máa wọlé wá bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú àdéhùn pé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kan ebè. Ẹni tó bá tẹ ebè, owó lọ́wọ́. Ó mọ iye ebè rẹ̀ o.

Gígun òkè náà ní owó tirẹ̀. Bí bíráwùn bá ga jù yín lọ ní nǹkan bíi yáàdì 10, ẹ fi yáàdì 10 kún ọ̀nà, ẹ mú ọ̀pá tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìpele kan. Bí mo ṣe ń rò ó, 390 yìí jẹ́ 400, ìgbá mẹ́ta tí kò yà ló sì ń gbé mi débẹ̀: 150, 150, 100. Bí wọ́n bá fún yín ní ìgbá méjì lórí ihò yìí nítorí pé òun ló le jù, mẹ́fà ni páà yín. Ẹ má tijú láti gba mẹ́fà.

Àwa ń ka ìdíje wa pẹ̀lú ètò tí Dókítà Frank Stableford gbé kalẹ̀, tí wọ́n fi díje ní Wallasey ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1932. Ẹni tó gbá páà tirẹ̀ gba máàkì 2, ẹni tó fi ìgbá kan kọjá rẹ̀ gba 1, ẹni tó fi ọ̀kan dín gba 3, ẹni tó fi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá gba òdo. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí ihò kẹjọ bá ti bà yín jẹ́, ẹ ó gbé bọ́ọ̀lù yín sápò, ẹ ó sì máa lọ. Òdo ni òdo. Kò lè wọ inú ihò kẹsàn-án bá yín, àfi tí ẹ bá gbé e dání lọ.

Ihò kẹsàn-án: páà 5, yáàdì 490

Ó ń sọ̀ kalẹ̀ padà sílé, sábẹ́ igi kajú tí a gbé ìjókòó sí. Ní àsìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ tó ń ti àríwá-ìlà-oòrùn wá ń fẹ́ sí wa lójú níbí, eruku á bo àsíá mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi agbára bá afẹ́fẹ́ jà ń fún bọ́ọ̀lù ní yíyípo púpọ̀ sí i ni, á kàn ga ni, kò ní lọ. Ẹ mú ọ̀pá tó tóbi jù ní ìpele méjì, ẹ fi bọ́ọ̀lù sí ẹ̀yìn díẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ yín, kí ẹ gbá a bí ẹni pé ẹ kò bìkítà. Ó máa fò nísàlẹ̀, ilẹ̀ líle yóò sì ṣe ìyókù. Ní àsìkò òjò, kò sí yíyí rárá, ẹ pín in bí a ṣe pín ihò kẹta.

Kí ẹ tó gbá ìgbá kẹta, ẹ bi ara yín pé mélòó ni mo nílò. Bí máàkì kan péré bá lè mú òbúkọ wá sọ́dọ̀ yín, ẹ gbá a sí iwájú bíráwùn níbi tó gbòòrò, ẹ má wo àsíá. Bó bá jẹ́ pé mẹ́ta lẹ nílò, ẹ gbé e lé àsíá, kí ẹ sì gbà á bó bá lọ sínú bèrè.

Ẹ kọ iye yín sí káàdì lábẹ́ igi kajú, kí ẹni tó bá yín ka iye náà fọwọ́ sí i. Òkúta tí a kùn ní funfun ni tíì ìyípo kejì, ogún ìṣísẹ̀ ló fi wà lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ tún gbogbo ìyọkúrò yẹn ṣe láti ihò kìn-ín-ní.